Ìmọ́lẹ̀ Láti Ẹ̀yìn

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà lára ògiri yàrá Kẹ́hìndé ní Ìrẹmọ. Ọmọdébìnrin méjì ló jókòó nínú rẹ̀, aṣọ kan náà, irun kan náà. Àlejò á ní ìbejì yìí mà jọra o. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni. Kẹ́hìndé ni onífọ́tò yà lẹ́ẹ̀mejì, tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nítorí Táyé ò sí mọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyẹn. Wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Nílé tiwọn, wọ́n ní Táyé lọ sọ́jà Ẹdúnàbọ̀n.

Bàbá wọn ni onífọ́tò náà. Nígbà tó kú, ó fi páálí nẹ́gétíìfù kan, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, sílẹ̀ fún Akínkúnlé, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Akínkúnlé ṣe ní tiẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò. Ikán jẹ gbogbo fọ́tò ilé tán, àfi ti ara ògiri. Páálí yẹn ló kù.

Ojú Kẹ́hìndé ti wá ń ṣe bàìbàì. Ó pe Akínkúnlé lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò rántí ojú Táyé mọ́. Bí òun bá fẹ́ rántí rẹ̀, ojú ara òun lòun ń rí. Ó ní bóyá bàbá àwọn ti yà á rí kó tó lọ sọ́jà.

"Bá mi wá a, kí ojú yìí tó lọ tán."

Akínkúnlé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé páálí, ó ké sí Tinúadé ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì. Wọ́n lọ sí Lágẹ̀rẹ́, sí ṣọ́ọ̀bù Abdulrazaq, tó ń ta kọ̀ǹpútà.

Tinúadé ti kà nípa oríṣiríṣi sikánà, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, lórí fóònù. Èyí tó ń gbé fọ́tò mì lọ́kọ̀ọ̀kan ló wù ú, torí ó yára. Akínkúnlé wò ó. Ó ní ohun tó mọ nǹkan í gbé mì lè má pọ̀ ọ́ jáde. Abdulrazaq rẹ́rìn-ín, ó gbé òmíràn jáde, pẹrẹsẹ, onígíláàsì, tó ní ìdérí. Akínkúnlé tẹ́ nẹ́gétíìfù sórí gíláàsì. Wọ́n dé e. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò.

Wọ́n tún un ṣe. Dúdú náà ni.

Akínkúnlé gbà pé fíìmù ti kú, pé òun ti pẹ́ jù. Ó ń kó o padà sínú páálí, ó ń ro ohun tóun máa wí fún ẹ̀gbọ́n òun.

"Bàbá, ẹ má bínú sí fíìmù," ni Abdulrazaq wí. "Iwájú la ti tanná sí i. Irú eléyìí, ẹ̀yìn la ti ń tanná sí i."

Ó mú ẹyọ kan, ó nà án sí oòrùn ẹnu ọ̀nà. Irun orí ẹnì kan yọ, funfun bí òwú. Tinúadé ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bàbá àgbà máa ń nà án sójú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Abdulrazaq gbé ẹ̀kẹta jáde. Onígíláàsì lòun náà, ṣùgbọ́n iná wà nínú ìdérí rẹ̀. Ó wúwo, kò sì yára. Tinúadé ní àwọn á pẹ́ lórí rẹ̀.

"A ti ń pẹ́ bọ̀," ni Akínkúnlé wí. Òun ni wọ́n rà.

Ní Ìrẹmọ, Kẹ́hìndé fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà ń sọ dúdú di funfun, funfun di dúdú. Ìyàwó tuntun kọjá. Ọmọ iléèwé kọjá. Ọkùnrin kan yọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé fi bàtà ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọdébìnrin méjì wá yọ.

Tinúadé ní ti ara ògiri nìyí. Kẹ́hìndé ní kó sọ ọ́ di ńlá, kó lọ síbi ọwọ́.

Nínú ti ògiri, ọwọ́ kálukú wà lórí itan rẹ̀. Nínú èyí, ọ̀kan di èkejì mú lọ́rùn ọwọ́, pinpin. Èkejì ń wo ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Imú rẹ̀ fẹ̀ ju ti Kẹ́hìndé lọ.

Kẹ́hìndé fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Èmi ni mo dì í mú. Àbúrò mi yìí ò lè jókòó jẹ́ẹ́."

Akínkúnlé bi í bóyá kí òun yọ ti ògiri kúrò. Ó ní rárá, kó kan ìṣó mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọjà Ẹdúnàbọ̀n ti tú," ló wí. "Táyé ti dé."

Akínkúnlé lọ wá òòlù.