Ìrànwú Kì Í Ṣe Òkòtó

Ẹ̀rín àwọn ọmọ ni Àrìnpé kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí wọn. Ó ń bọ̀ láti Ìjàgbó, apẹ̀rẹ̀ iṣu ń bẹ lórí rẹ̀, ọyẹ́ sì ti pa á létè. Kérésì ọdún 1963 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Láńrewájú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, ti kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Ọ̀fà fún ọdún.

Lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé, àwọn ọmọ Láńrewájú méjèèjì, Bíọ́lá àti Jacob, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n ń ta òkòtó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pòòyì láàárín wọn kì í ṣe òkòtó. Ìrànwú Àrìnpé ni, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ki amọ̀ roboto bọ̀ nídìí, tó fi ń ran òwú láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Èkejì rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì lẹ́bàá ògiri. Amọ̀ ìdí rẹ̀ ti fọ́ yángá.

Àrìnpé sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ gbì.

"Ta ló ní kí ẹ wọ yàrá mi?"

Àwọn ọmọ àdúgbò ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Jacob sá sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bíọ́lá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. A bi Dádì pé kí ni. Dádì ní ohun ìṣeré ayé àtijọ́ ni."

"Ohun ìṣeré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àrìnpé wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé kó fi gbá ọmọ náà létí. Kò gbá a. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ní kí Bíọ́lá lọ gbé agbọ̀n òwú òun wá. Ó fi ẹfun pa ìka kó má baà máa yọ̀, ó so òwú mọ́ orí ìrànwú tó kù, ó sì yí i. Ọwọ́ òsì ń fa òwú sókè, ọwọ́ ọ̀tún ń yí igi, fọ́nrán funfun sì ń gùn lójú wọn.

"Ẹ lajú yín sílẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó! Láti oko la ti ń ká òwú. A ó yọ kóró rẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó ràn án báyìí, a ó wá hun ún di kíjìpá. Aṣọ gidi! Ẹ̀gún ò lè fà á ya."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò lọ ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù?" ni Jacob bi í.

"Ṣọ́ọ̀bù wo?"

Jacob rò ó wò. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Dọ́káàsì tó ń rán aṣọ fáwọn opó, ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. "Ṣé ẹ̀yin àti Dọ́káàsì lẹ jọ ń rànwú ni?"

Bíọ́lá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Dọ́káàsì inú Bíbélì? Ìyẹn ti pẹ́ jù."

"Màmá náà ti pẹ́," ni Jacob wí.

Fọ́nrán já mọ́ Àrìnpé lọ́wọ́.

Eyín rẹ̀ pé. Láti Ìjàgbó ló ti ru iṣu dé láìsinmi. Kò tíì sẹ́ni tó pè é ní arúgbó lójú ara rẹ̀ rí, àfi ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù yìí, kò sì sí èébú nínú ohùn rẹ̀. Ká ní ó bú òun ni, òun ì bá mọ èsì tí òun máa fún un.

Láńrewájú jáde sí wọn, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ má bínú. Igi lásán ni. N ó ra òmíràn fún yín."

"Níbo? Ta ló ṣì ń gbẹ́ ẹ? Láńre, ìwọ lo sọ fún wọn pé ohun ìṣeré ni?"

Láńre ká ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Aṣọ wo lo sọ fún wọn pé o wọ̀ lọ síléèwé?"

Evelyn, ìyàwó rẹ̀, ti yọjú láti ilé ìdáná. Ó wo ọkọ rẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò sọ̀rọ̀, òun sọ ọ́. "Màmá, ohun tó sọ fún èmi ni pé bàbá òun ń ta aṣọ òyìnbó, pé inú ọjà wọn ni wọ́n ti ń rán tòun."

"Bàbá ẹ?" Àrìnpé dìde. "Bàbá ẹ tó kú kó o tó hu eyín?"

"Màámi, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹlẹ́yà ni."

"Irọ́ ni! Ìwọ ni o ò fẹ́ kí wọ́n fi ṣẹlẹ́yà. Èmi tí mo jókòó ti òwú títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ kán, kó o lè dẹni tó ń wọ kóòtù, èmi lo wá sọ di ohun ìṣeré!"

"Aláṣọ-Àpò ni wọ́n ń pè mí!"

Láńre kò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ rí. Òun gan-an ṣe bí ẹni tí ohùn náà dẹ́rù bà.

"Láti kíláàsì kìíní títí mo fi jáde. Bí mo bá wọ kíjìpá yín wọlé, wọ́n á ní Aláṣọ-Àpò dé, ẹ wá kó iṣu sí i nínú. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kí aṣọ yẹn ya. Kò ya, Màámi. Kò ya rárá."

Àrìnpé tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un mọ́ ìdí.

"Ọmọ ta ni wọ́n?"

"Màámi, ó ti lé lógún ọdún."

"Mi ò bi ẹ́ ní ọdún. Dárúkọ!"

"Adétóyè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Àrìnpé mọ Adétóyè. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wọn ni. Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Àìkú, nígbà tí ìsìn parí, òun pẹ̀lú Láńre, Evelyn àtàwọn ọmọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń kí àwọn èèyàn. Bí Adétóyè ṣe rí i ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti agbádá funfun.

"Ẹ kú ọdún, Màmá."

Kò kí i padà. "Kí lẹ máa ń pe ọmọ mi níléèwé?"

Adétóyè dìde, ó gbọn eruku nù. "Láńre? Láńre náà la máa ń pè é."

"Rò ó dáadáa."

Ó rò ó. Ó wo Láńre, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Kò parọ́, Àrìnpé rí i lójú rẹ̀. Kò rántí ni.

"Aláṣọ-Àpò lẹ̀ ń pè é, sà," ni Bíọ́lá wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀rín ẹnu Adétóyè pòórá. "Háà. Màmá, ìwà ọmọdé ni. Láńre, jọ̀ọ́, má bínú."

Láńre ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí Àrìnpé ti kó jọ láti àná kò wúlò mọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa bú ẹni tó fọ́ ilé ọmọ ẹni, tí kò sì rántí pé òun kọjá níbẹ̀?

"Mo gbọ́," ló wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Láńre sáré bá a lójú ọ̀nà. "Màámi, ẹ ṣé."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi pẹ̀lú ẹ ò tíì parí. Irọ́ tó o pa fún ìyàwó ẹ, tú u fún un kó o tó délé. Sọ ọ́ létí àwọn ọmọ yìí pẹ̀lú."

"Mo gbọ́, mà."

Láńre dúró de Evelyn lábẹ́ igi máńgòrò etí ọ̀nà. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ wọn. Àrìnpé kò dúró gbọ́ ọ. Ó ń lọ níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá ju ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ, inú ṣì ń bí i.