Ọ̀rọ̀ "Eru" Tí Kò Ní Àmì

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó jẹ́ kí n sùn, tó sì jí mi padà, nítorí ẹni tó sùn tí kò jí kò ní àlá kankan tí yóò rọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lórí àga ẹ̀yìnkùlé mi, lábẹ́ okùn tí mo sá aṣọ sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi sùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní ìtàn ọkọ̀ tí àwọn ẹranko wọ̀ ní méjì-méjì. Bí mo bá ti dé orí erin báyìí, ọmọ kan yóò béèrè pé, "Màmá Fẹ́híntọlá, ṣé ẹ ti rí i rí?" Màá wúkọ́, màá sì sáré fò lọ sórí ẹyẹlé. Ìdí rèé tí mo fi forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ìjọ wa ní àwọn fẹ́ lọ wo igbó ẹranko ní owó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ kékeré ni, ọ̀nà jìn, inú àgọ́ la ó sì sùn. Àyà mi ń já.

Lọ́sàn-án àná náà ni Arákùnrin Olúṣínà, akọ̀wé wa, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Kò fi àmì kankan sí i: "E ma gbe eru wa o. E fesi boya e n bo ki aago merin to lu, bi bee ko, Iya Dorika yoo gba ijokoo yin."

Mo kà á, mo tún un kà. Ṣé "ẹ máa gbé ẹrù wá" ni, àbí "ẹ má gbé ẹrù wá"? Àbí ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ló ti gbọ́ nípa rẹ̀? Ibi tí mo ti ń rò ó ni oorun ti gbé mi lọ.

Mo bá ara mi nínú yàrá mi, gbogbo ẹrù ìrìn àjò ti tò bí ẹgbẹ́ akọrin. Tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

"Mọ̀ọ́mì, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Òkùnkùn igbó kò jọ òkùnkùn pálọ̀."

"Ìwọ tí bátìrì ẹ ti kú láti ọdún Àjíǹde?" Bàtà onírọ́bà dá a lóhùn. "Ejò ò mọ màmá ìjọ o. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ bò."

Aṣọ akọrin mi, funfun báláú, ní a kì í fi òun sílẹ̀ nílé.

"Funfun kẹ̀?" ni fìlà wí. "Wàá lé gbogbo ẹranko sá wọ ìlú kejì. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀, ọ̀rẹ́."

Aṣọ bú sẹ́kún. Mo fi orin rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo sì kó gbogbo wọn sínú àpò gààrí kan, pẹ̀lú ìgò omi àti òògùn ibà. Àpò gùnfẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà, mo ti yó."

Mo ṣílẹ̀kùn láti jáde, odò ló wà níta. Ọ́fíìsì kan ń léfòó lórí omi, tòun ti tábìlì àti kàlẹ́ńdà. Ọ̀gá kan tó wọ kakí, tó sì de táì, jókòó síbẹ̀. Mo rìn lórí omi lọ bá a. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rántí pé n kì í rìn bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ gbé e ká wọ̀n ọ́n."

Mo gbé àpò lé òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mì.

"Ẹrù kọ́, mà. Ẹ̀rù! Ẹni tó san owó pọ́ọ́kú, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló lè gbé wọlé."

Mo ní kò burú. Mo tọwọ́ bọ àyà mi, mo ń kó wọn jáde: ẹ̀rù ejò, ẹ̀rù kìnnìún, ẹ̀rù sísùn nínú àgọ́. Wọ́n rọ̀ bí ẹyin tí kò ní èèpo. Mo sọ wọ́n sódò, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ láìdágbére.

"Èwo ló kù nísàlẹ̀ yẹn?" ni ọ̀gá bi mí.

Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ̀rù pé n óò kú láìrí erin, sà, àwọn ọmọ á sì máa béèrè."

"Háà! Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù, mà. Tíkẹ́ẹ̀tì yín nìyẹn."

Ó nawọ́ láti lù ú ní òǹtẹ̀, ọwọ́ di pátákò. Irùngbọ̀n hù, ìwo yọ. Ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìyípadà, sà."

Ó ń jẹ tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó sì ń bi mí pé, "Máa ni àbí má?" Bí mo bá ti ṣiyèméjì, ọ́fíìsì á fì sápá kan. Ìgbà náà gan-an ni erin kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwo òbúkọ dí mi lójú; ìrù erin nìkan ni mo rí.

Mo figbe ta: "Máa ni! Máa ni!"

Igbe ara mi ló jí mi. Òbúkọ Ìyá Dọ́ríkà, aládùúgbò mi, dúró níwájú mi, ó ń rún ọwọ́ aṣọ akọrin mi tó ti fà já lórí okùn. Ó wò mí, ó ní, "Mẹ̀ẹ́."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. N kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Mo n bo pelu eru."

Kò pẹ́, Arákùnrin Olúṣínà fèsì: "Eru wo?"

Mo wọlé, mo fi í sọ́kàn láti ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì, mo sì gbé fìlà aláwọ̀ ewé sórí bàtà onírọ́bà, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlá mi, ẹrù yín kò ní wúwo ju ọrùn yín lọ. Ẹ̀rù kò ní gba ìjókòó yín fún ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ ti ń sọ̀tàn rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, ojú yín yóò rí i, kì í ṣe ìrù nìkan. Àmín.