Ohun Tí Ẹlẹ́rìí Kò Sọ

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Chelangat ti jókòó ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì fìdí rẹmi síbì kan náà. Ó ń gba méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. Ìwé kíkà nìkan ló takú, tó ń fún un ní mẹ́fà ààbọ̀ nínú mẹ́sàn-án. Méje ni ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní Áyálándì ń béèrè, wọ́n sì ti kọ̀wé sí i pé àwọn ò ní lè di àyè náà mú fún un kọjá ìparí oṣù kẹjọ. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣe kó tó dìgbà náà.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí kò mọ̀wé o. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ ní Kericho ní Kẹ́ńyà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kàwé dé ibi tó dé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa ká a lára. Nekesa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ti yege ní tirẹ̀, kò sì jẹ́ kó sinmi.

"Orí ẹ ló kún jù," ni Nekesa máa ń wí. "Wọ́n ní kó o ka ìwé, ìwọ ń bá ìwé jà."

Nígbà tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó kó àwọn ìwé ìgbáradì rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní arap Maritim, ìyẹn ọmọ Maritim, lábúlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó síta, ó ń ka àyọkà kan tó dá lórí ewé tíì. Ta ló tún fẹ́ kọ́ Chelangat ní ọ̀rọ̀ tíì? Inú oko tíì ni wọ́n bí i sí. Ó dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ wéré, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé láti wo ìdáhùn, àṣé mẹ́ta ló ti kùnà nínú wọn. Ó fi ìbínú ju ìwé náà mọ́lẹ̀, àwọn adìyẹ sì fọ́n ká.

"Kí ni ìwé ṣe fún ẹ?" ni bàbá rẹ̀ béèrè. Ó ń tún okùn ọmọ màlúù kan ṣe.

"Bàbá, òpùrọ́ làwọn èèyàn yìí! Wọ́n ní, àwọn tó ń já ewé tíì máa ń débi iṣẹ́ kí oòrùn tó yọ: ṣé òótọ́ ni, àbí irọ́, àbí ìwé ò sọ? Mo ní òótọ́ ni. Wọ́n ní mo kùnà. Ṣé màámi kì í jí jáde ní ìdájí ni?"

"Ó ń jí jáde. Èmi gan-an ni mo máa ń dáná fún un. Ka ohun tí ìwé yẹn wí fún mi ná."

Chelangat ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ilé. Ìwé sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń já ewé méjì pẹ̀lú ọ̀mùnú kan, àti bí ewé ṣe gbọ́dọ̀ dé ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá já a. Kò sọ̀rọ̀ oòrùn rárá. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, wọn ì bá ti lé ẹ kúrò ní kókwet."

Kókwet ni ìjókòó àwọn àgbà tó ń parí ẹjọ́ lábẹ́ igi ní abúlé wọn. Ó ti lé lógún ọdún tí arap Maritim ti ń bá wọn jókòó.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáàárín wọn ni nígbà yẹn," ni bàbá bẹ̀rẹ̀. "Màlúù kan wọ oko opó kan, ó jẹ àgbàdo ẹ̀ run. Ẹlẹ́rìí dìde, ó ní òun rí ojú ẹsẹ̀ màlúù létí odò. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lèmi bá fò sókè: 'Màlúù arap Koros ni! Ta ni ò mọ̀ pé olè ni màlúù yẹn?' Àwọn àgbà wò mí. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ níbí? Mo ní gbogbo abúlé ló mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn, kí n má sì lanu fún ìjókòó mẹ́ta gbáko."

"Màlúù ta wá ni nígbẹ̀yìn?"

Bàbá nu ẹnu, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tèmi ni."

Chelangat rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú.

"Máa rín in lọ," ni bàbá wí. "Ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí. Ohun tó bá wí, ó ti wí i. Èyí tó bá ta kò, ó ti ta kò ó. Èyí tí kò bá dá sí, ìwọ náà má dá sí i, bó tiẹ̀ ṣojú ẹ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ náà fẹ́ jẹ́rìí, lọ kọ ìwé tìẹ."

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Chelangat á ka àyọkà, á túmọ̀ rẹ̀, bàbá á sì dájọ́. Arap Maritim kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "gúdù mọ́níìn" lọ, síbẹ̀ ìdáhùn tirẹ̀ ló ń tọ̀nà jù. Bí Chelangat bá ti fẹ́ fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ìwé, bàbá á na ìka sí i: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ níbí?" Ó di ọjọ́ kẹwàá kí ọmọ tó bá bàbá dọ́gba.

Ọjọ́ ìdánwò pé, ó sì lọ ṣe é nílùú Nakuru. Chelangat ka àyọkà méjì láìsí wàhálà. Nígbà tó ṣí ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn eléré ìje orí òkè ní Kẹ́ńyà ló bá níbẹ̀. Ọmọ orí òkè yẹn lòun náà! Ìbéèrè kan ní àwọn eléré ìje wọ̀nyí máa ń sáré lọ sí iléèwé nígbà èwe. Kí ló tún kù? Òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ sí iléèwé fún ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi "òótọ́" kó tó dá a dúró. Ó padà sínú ìwé, ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Ìwé sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ orí òkè, ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti eré ìdárayá, àmọ́ kò mẹ́nu kan ọ̀nà iléèwé. Ó gbé ọdún mẹ́jọ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì mú "kò sọ."

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó pe bàbá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Bàbá, méje ààbọ̀!"

Ó gbọ́ tí bàbá ń ké sí àwọn aládùúgbò, ó sì gbọ́ tí obìnrin kan ń kẹ́dùn: "Háà, méje péré? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀ náà."

"Nínú mẹ́sàn-án ni!" ni bàbá pariwo. "Ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán!" Ó padà sórí fóònù. "Ṣé o ò bá ìwé jà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ikùn mi ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì kúrò láàárín àwọn aládùúgbò. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Chelangat, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mò ń gbàdúrà pé kó o yege. Lóru, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó o má lọ. Má bínú sí mi. Inú mi dùn o, inú mi dùn gan-an. Wá sílé ní Sátidé kí n lè rí ẹ dáadáa kí àwọn òyìnbó tó gbà ẹ́ lọ."

Chelangat ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè lọjọ́ náà, Sátidé ṣì jìnnà. Ó wọlé lọ bá Nekesa, ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun dúró níbi iṣẹ́ dọ̀la, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí abúlé wọn.