Kọfí Tútù

Ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Díréba nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà títí irun rẹ̀ fi funfun, ti fẹ̀yìn tì. Mo rò pé n ó wá máa rí i jókòó tì mí ní òwúrọ̀. Irọ́ ńlá! Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dé fìlà, ó di ilé kọfí òdìkejì títì. Bó bá sì padà dé, gbogbo aṣọ rẹ̀ á máa ta sánsán kọfí. Orogún ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń lé e. Orogún inú ife ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ẹsipírẹ́sò wà nílé o, kọfí dúdú kíki tí wọ́n ń bù sínú ife tí ò ju àtàǹpàkò lọ yẹn. Àbíkẹ́yìn mi ló gbé e wá, tòun ti ẹ̀rọ ìlọkọfí ọlọ́wọ́. Mo pè é lórí fóònù pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí bàbá rẹ̀ lè máa jókòó nílé.

"Màmá, ẹ yé ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú agolo. Kọfí tútù ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ máa lọ̀ ọ́ fúnra yín."

Mo ní ó tán. Ó di ṣọ́ọ̀bù ọlọ́kọfí.

"Ọmọ mi, fún mi ní kọfí tútù."

"Tútù kẹ̀, Màmá? Àwọn èèyàn kì í sábà béèrè tútù o."

"Ṣé mo jọ àwọn èèyàn lójú ẹ ni? Tútù ni mo wí!"

Ó wọ̀n ọ́n fún mi. Tútù lóòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé.

Mo délé, mo ki ẹ̀rọ ìlọkọfí sáàárín itan, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo yí i. Kò yí. Mo fi àyà tì í. Ẹran apá mi ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ ò mì. Nígbà tó máa fọhùn, "kàà!" ló ní. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan eyín àtọwọ́dá mi wò, bóyá òun ló kán.

Mo tún pe ọmọ.

"Màmá, àwọ̀ wo ló ní?"

"Àwọ̀ ewé. Ṣebí tútù lo ní!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èmi ò ní kẹ́ ẹ ra àìyan o! Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ni mò ń wí."

"Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná bọ́ lo wá ń pè ní tútù? Ta ló kọ́ ẹ lédè?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Mo padà lọ. Ọlọ́kọfí fọwọ́ bo ẹnu, ó gbé èyí tí wọ́n yan láàárọ̀ fún mi. Èyí lọ̀ wẹ́rẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo lọ̀ ọ́ tí kò kúnná, omi gba inú rẹ̀ kọjá wàràwàrà, ó jáde bí omi ìfọṣọ. Mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, ẹ̀rọ ń kérora bí ẹni tó ń rọbí, kò bí nǹkan kan. Mo bú u, mo bú ọmọ tó gbé e wá, mo bú ara mi tí mo bí ọmọ. Mo wá lọ̀ ọ́ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Tóó, tóó, ó ń kán, ó dúdú, ó ki, ìfófòó àwọ̀ oyin wà lórí rẹ̀. Mo fò sókè. Gìgísẹ̀ nìkan ló kúrò nílẹ̀.

Díréba ti ń de okùn bàtà.

"Ẹ jókòó! Kọfí yín rèé!"

Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó dáa o. Ta ló máa mu ún?"

"Ta ló máa—? Ẹ̀yin ni!"

"Èmi? Kọfí máa ń já mi láyà. Tíì ni mò ń mu níbẹ̀."

Mo gbé ife kalẹ̀.

"Kí lẹ wá ń wá lọ síbẹ̀?"

Ó wolẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Àga wọn ga. Tiwa yìí, bí mo bá ti rì sínú ẹ̀, orúnkún mi kì í fẹ́ gbé mi dìde mọ́. Ojú ń tì mí láti máa pè ọ́ kó o wá fà mí."

Èmi ni mo yan àga tìmùtìmù yẹn o. Mo ní ó rọ̀ bí ìdí mi. Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí n ó bínú sí: àga ni, orúnkún ni, àbí ẹnu tí kò sọ̀rọ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo wọ́ àga onígi gíga tí mo fi ń mú nǹkan lókè kọ́bọ́ọ̀dù jáde, mo tẹ́ ìrọ̀rí méjì lé e.

Ó jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó, ó bọ́ fìlà.

"Èyí dáa. Tíì dà?"

Tíì! Gbogbo tíì ilé ni mo ti kó fún aládùúgbò kí àyè lè gba kọfí. Mo gbé ife ẹsipírẹ́sò, mo dà á mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó korò bí jogbo.

"Ẹ ò gbọdọ̀ dìde níbẹ̀ yẹn o!" Mo sì sáré, bó bá ṣeé pè léré, lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.