Ọwọ́ Tí A Dè

Ọwọ́ òsì ni ó kọ́kọ́ tú. Báńdéèjì náà ti gan mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, kókó rẹ̀ sì le bí ẹkùrọ́, nítorí ẹni tó ta á mọ̀ ọ́n ta. Òun fúnra rẹ̀ ni. Lánàá, ní ọ̀sán gangan, ni Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ de bàbá arúgbó yìí, kí ó má baà tún fa rọ́bà oúnjẹ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú yọ lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà ló pàṣẹ, ó sì wà nínú fáìlì. Bàbá kò jà. Ó kàn wò ó lójú, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni mo jí?"

Ìbéèrè yẹn bá a délé. Ó bá a jẹun, ó bá a sùn, bí a bá lè pe ìyẹn ní oorun.

Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kì í já pílásítà kúrò lára aláìsàn bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló máa ń fi rẹ ẹ́ kó tó ṣí i, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ó bá fẹ́ pa ẹ̀fọn, yóò kọ́kọ́ kí i ni. Àwọn àgbà sì ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń gbé e ró láti ọjọ́ yìí. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ okùn?

Ó tú ọwọ́ kejì. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń yí wọn wò. Ọwọ́ káfíńtà ni. Jẹjẹrẹ inú ti jẹ gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, ọwọ́ yẹn nìkan ló ṣì tóbi.

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan. Ọjọ́ wo la wà lónìí?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ibo la wà?"

"Ibi tí wọ́n ti ń de àgbà mọ́ irin."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, omi sì lé sí i lójú. "Rọ́bà yìí ńkọ́? Ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Tí ẹ bá yọ ọ́, mi ò ní pẹ́ lọ. Mo mọ̀. Pákó tí ikán ti jẹ tán, ọmọ mi, a kì í kan ìṣó mọ́ ọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé orí bàbá ti dàrú. Jẹ́jẹ́ mú báírò, ó kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sísàlẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu gẹ́lẹ́, kò yọ ìdáhùn nípa irin náà sílẹ̀. Ó sì buwọ́ lù ú.

"Ta ló ní kí o tú u?"

Mátírọ́ọ̀nù ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá wọn, obìnrin tí aṣọ rẹ̀ kì í rún, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé wọ́ọ̀dù kó tó dé.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Àmọ́ mi ò ní dè wọ́n mọ́. Orí wọn pé."

"O mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀, mà." Ó na fáìlì sí i.

Mátírọ́ọ̀nù gba fáìlì, ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé e sílẹ̀, ó jáde. Ìyẹn ló wá ba Jẹ́jẹ́ lẹ́rù jù.

Nígbà tí dókítà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́ọ̀dù mẹ́ta ni wọ́n kó lé òun nìkan lọ́rùn. Ó ka ohun tí Jẹ́jẹ́ kọ, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ méje: ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra rẹ̀ bi bàbá ní ìbéèrè kan náà. Bàbá dá a lóhùn bó ṣe dá Jẹ́jẹ́ lóhùn. Dókítà fọwọ́ nu ojú.

"Ọmọ wọn ló ní ká má jáwọ́," ó ní. "Ta ló máa sọ fún un?"

"Ẹ jẹ́ kí bàbá sọ ọ́," Jẹ́jẹ́ fèsì.

Obìnrin olùkọ́ ni ọmọ náà, òun nìkan ni bàbá bí. Bó ṣe wọlé lọ́sàn-án, tó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ní títú, ó kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ẹ fẹ́ pa bàbá mi! Nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ pa wọ́n!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jẹ́jẹ́ lára. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó gbà pé obìnrin náà yóò ríran. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n máa dè mí?" bàbá bi ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe mọ́ ni, bàbá mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. O ti ṣe tìrẹ, o ṣeun. Jẹ́ kí n ṣe tèmi."

Ọmọ náà gbórí lé e láyà, ó bú sẹ́kún. Bàbá gbé ọwọ́ ńlá yẹn lé e lórí, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti yọ rọ́bà náà ní agogo mẹ́ta. Jẹ́jẹ́ ló yọ ọ́. Ó fún bàbá ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó fi òwú tútù nu ètè rẹ̀.

Ó rò pé ara òun yóò fúyẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó dúró pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn tó ti dè sẹ́yìn ló ń wá sí i lọ́kàn: obìnrin tó ń kọrin, ọkùnrin tó ń fi eyín já báńdéèjì. Mélòó nínú wọn ni orí wọn pé? Kò bi wọ́n rí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mátírọ́ọ̀nù wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Bàbá ti sùn," ó ní. "Ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

Mátírọ́ọ̀nù rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá mi ni èmi dè. Nínú wọ́ọ̀dù yìí kan náà. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn ní mò ń ṣe ojúsàájú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú. Wọ́n ń pè mí, mo ní orí wọn ló dàrú."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Jẹ́jẹ́ ti ń sá fún obìnrin yìí. Ó wò ó báyìí, láìwọ bàtà, irun funfun lábẹ́ fìlà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó ti dàgbà, àti pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jókòó tì í. Àwọn méjèèjì kò yára dìde.