Márùn-ún Tí Wọ́n Fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Tuwei

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tuwei, alábòójútó ìwádìí mi ní yunifásítì, kì í gba ohun tí a kò bá lè fi nọ́ńbà kà gbọ́. Ọdún méjì la fi fà á lórí ìwádìí mi. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ ni ilé iṣẹ́: kí n pín ìbéèrè, kí n ro ìdáhùn pọ̀, òtítọ́ á jáde. Èmi ní àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dá a sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí n jókòó tì wọ́n, kí n gbọ́. Bí kò bá sì fọwọ́ sí ìwé mi, oyè ọ̀mọ̀wé mi ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn bàbá náà. Òun ló kọ́ mi ní àríyànjiyàn tí mo ń bá a ṣe.

Mo pín ìbéèrè rẹ̀ níléeṣẹ́ tíì kan ní Kericho, níbi tí òun náà ti ṣe ìwádìí tó sọ ọ́ di olókìkí ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ogóje èèyàn dáhùn. Gbogbo wọn mú márùn-ún, àmì tó ga jù, lórí ohun gbogbo, títí kan ọ̀gá tí wọ́n ń sá fún.

"Bí tèmi ṣe rí náà nìyẹn," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Iṣẹ́ tẹ́ wọn lọ́rùn."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé mi lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ náà. A bá wọn nídìí tíì aago mẹ́wàá, lórí bẹ́ǹṣì. Kogo Tapsubei, ìyá àgbà tó ti ń ṣa ewé níbẹ̀ láti kékeré, bu tíì fún un, ó sì ń wò ó lójú.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo tínrín nígbà yẹn, tó ò ń gbé bébà kiri? Ṣé o pàsì?"

"Mo pàsì, Kogo."

"Kí ló fẹ́ dí ọ lọ́wọ́? Orí bẹ́ǹṣì yìí la ti fẹnu kò pé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ ni, kẹ́nikẹ́ni má fún ọ ní ohun tó dín ní márùn-ún. Bá a ṣe ṣe fún ọmọbìnrin yìí náà nìyẹn."

"Ọ̀gá yín ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Ìkà pọ́ńbélé. Ṣé ìyẹn wá kan ìdánwò rẹ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ó yíjú sí wọn.

"Ẹ sọ fún mi nípa ọ̀gá yẹn."

Wọ́n sọ ọ́ títí aago iṣẹ́ fi lù, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Nínú mọ́tò ló ti fọwọ́ sí ìwé mi. "Fi ìwádìí tèmi sí i," ó ní. "Sọ ibi tó ti ṣìnà. Má fi orúkọ mi pamọ́."

"Sà, kí ni kí n pe ohun tí wọ́n ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ràn mi ni, Chelangat. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pè é ní ìtẹ́lọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́."