Ìkíni Bàbá Inú Ihò

Ìyá Àgbà Àtọ́kẹ́ tún kú láàárọ̀ ọjọ́ tí Dúrósinmí ń lọ. Ibi tó ti ń kú láti ìgbà òjò náà ló kú sí: ẹnu ilẹ̀kùn òkúta kan, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń fi ọ̀pá fọ́ èèyàn lórí.

"Mama, you don die again?" Ibiere, ayálégbé yàrá kejì, ló yọjú lójú fèrèsé.

"My sister, I don die, I don rot!" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún.

Ikú inú géèmù ni o. Dúrósinmí, kọ́pà tó ń gbé nílé ìyá lẹ́yìn ọjà Creek Road, ló so ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ìyá. Èèyàn kékeré kan tó dé akoto á wọ inú ihò lọ. Kò sí orin níbẹ̀, àfi omi tó ń kán, tó, tó, àti afẹ́fẹ́ tó ń súfèé bí ẹni pé ilẹ̀ ń mí. Bí o bá kú, o padà sẹ́nu ihò. Bí NEPA bá mú iná, o padà sẹ́nu ihò. Àìmọye ìgbà ni ìyá ti búra pé òun ò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń bẹ iṣu, omi yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí rẹ̀: kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?

Wàyí o, kọ́pà ti sìnlú tán. Ẹ̀rọ fẹ́ wọ báàgì, kí ìyá tó rí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Màmá, takisí ti dé. Bàálù ò ní dúró dè mí ní pápákọ̀ òfurufú Omagwa."

"Jẹ́ n kọ́kọ́ gba ẹ̀san ìdí mi, Dúró. Ó ti kú sórí àga yìí."

"Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe tẹ́ ẹ bá débẹ̀?"

"Mò ń kí bàbá ni. Ẹ̀yin ń yìnbọn lu àgbàlagbà. Èmi ní kí Nímọ́tà kúnlẹ̀."

"Nímọ́tà wo?"

"Ọmọbìnrin inú akoto yìí."

"Ọkùnrin mà ni, Màmá!" Ó na páálí kásẹ́ẹ̀tì sí i. Irùngbọ̀n bí ti òbúkọ ló wà níbẹ̀.

"Yéè! Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni mo ń mú kúnlẹ̀ bí ìyàwó! Abájọ tí bàbá fi ń lù ú. Èmi náà á lù ú!" Ó rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fi ta sí ìró rẹ̀, kò wo ibẹ̀. Ó ti gbá pádì géèmù mú.

Ó fo kòtò, ó sá fún àdán, ó dé iwájú bàbá. Ó tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Fìì! Ọ̀pá gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó ba ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì là.

"Ó yẹ ọ̀pá ni," Dúrósinmí ní.

"Ó kí àgbà ni!"

Kò sí wúrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ihò mìíràn ni, ó gbòòrò débi pé iná akoto ò dé ògiri rẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi ń kán. Ojú ohun kan ṣẹ́, ó tún ṣẹ́.

"Ó ṣì kù!" Ìyá Àgbà fò sókè bí ọmọdé.

Dúrósinmí ò dé ibẹ̀ rí. Ó rọra gbé báàgì sílẹ̀. "Màmá, ẹ má fò síbẹ̀ o..."

Ìyá fò. Ó kú.

"Ẹ gbé pádì wá. Ó kàn mí," Dúrósinmí ní.

Awakọ̀ takisí tẹ hóònù títí, ó wọlé wá láti bínú. Nígbà tí bàálù kan máa fi hó kọjá lókè òrùlé, òun náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

"Mama, abeg, na man be that abi na woman?"